Kí A Tó Bèèrè Iye Owó: Ta Ló Ni Ohun Tí Wọ́n Tà?

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní báàgì kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Inú rẹ̀ ni rìsíìtì ilẹ̀ kan wà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti sanwó ilẹ̀ náà fún ọkùnrin kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ náà rárá. Ọmọ bíbí ìdílé tó ni ín ni í ṣe. Ó mú àǹtí mi dé orí ilẹ̀, ó fi ààlà hàn án, ó ka owó, ó kọ rìsíìtì, ó sì fọwọ́ sí i. Àǹtí mi gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó kó búlọ́ọ̀kù jọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí àwọn àgbà ìdílé náà dé pẹ̀lú ẹlòmíràn tí àwọn fúnra wọn ti ta ilẹ̀ kan náà fún. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́.

Mo bá a lọ sí kóòtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun kan ṣoṣo tí àǹtí mi ń tẹnu mọ́ ni pé, "Mo sanwó, Olúwa mi. Mo ní rìsíìtì." Adájọ́ fetí sílẹ̀ sí i dáadáa, kò sì fìgbà kan sọ pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tirẹ̀ náà kò yí padà: "Ẹni tó tà á fún yín, ṣé òun ló ni ín? Ta ló rán an níṣẹ́? Níbo ni olórí ẹbí wà lọ́jọ́ tí ẹ sanwó?" Àǹtí mi kò rí èsì fọ̀. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, ó pàdánù ìpìlẹ̀ tó gbẹ́, ó sì ku òun àti rìsíìtì rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ń ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í na ọwọ́ sókè láti bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé 865,000 pọ́ùn ni wọ́n ta Nàìjíríà?" Ìtàn yìí ti tàn kálẹ̀ débi pé kò sí ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń bínú sí ìjọba tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Ohun tó sì máa ń bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú jù ni pé owó náà kéré. Wọ́n á ní, "Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, 865,000 péré!" Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ̀lé àǹtí mi lọ sí kóòtù ni èsì mi ti yí padà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè tí wọ́n bi mí kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Tí a bá ní owó náà kéré, a ti gbà pé ẹni tó tà á ló ni ín nìyẹn. Ọjà olè ni a ń ná.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1900, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ìtajà gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kí owó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ti tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ewúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Mo lọ sí ọjà, mo na ewúrẹ́ kan, èmi àti ẹni tó ń tà á sì jọ fẹnu kò lórí iye kan. Mo ní kó bá mi so ó mọ́lẹ̀ títí di ọ̀la, tí n óò fi mú owó wá. Ní òru ọjọ́ náà, ewúrẹ́ kú. Ewúrẹ́ ta ló kú? Ní Nàìjíríà, èmi tí mo rà á ló kú fún, àfi tí a bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Òfin gbà pé tó bá jẹ́ pé nǹkan kan pàtó ni a ń rà, tí kò sì sí iṣẹ́ kankan tó kù láti ṣe lórí rẹ̀, ó ti di ti olùrà láti ìgbà tí àdéhùn ti parí, ìbáà jẹ́ pé kò tíì sanwó, kò sì tíì gbé e lọ. Ẹni tó sì ni nǹkan ni òfò rẹ̀ ń bá. Ṣùgbọ́n kí n gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí ilẹ̀ Benin tàbí Togo, tó bá jẹ́ pé oníṣòwò ni àwa méjèèjì, òfin ìṣòwò tí wọ́n jọ ń lò níbẹ̀ sọ pé ìgbà tí olùrà bá gba ẹrù sọ́wọ́ ló di tirẹ̀. Níbẹ̀, ewúrẹ́ olùtà ló kú.

Òfin méjèèjì yàtọ̀ lórí ìgbà tí nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò yàtọ̀ lórí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú: ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ ní in, tàbí kí ẹni tó ni ín rán an. Bí ewúrẹ́ náà bá jẹ́ ti aládùúgbò, tí olè jí i gbé wá sọ́jà, mo lè san ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀, mo lè gba rìsíìtì tó gùn tó apá mi, aládùúgbò ló ṣì ni ewúrẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan kò lè fúnni ní ohun tí kò ní. Ìlànà yìí wà nínú òfin ọjà títà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, òfin yẹn náà sì ni ìpìlẹ̀ òfin ọjà títà wa ní Nàìjíríà. Òfin ẹrù ni, kì í ṣe òfin ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ilẹ̀ àti ẹrù kò yàtọ̀.

Àwọn bàbá wa pàápàá kò nílò kí òyìnbó kọ́ wọn ní èyí. Àwọn ló sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Tó bá sì di ti ilẹ̀, ṣíṣọ́ra wọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò lè gba ilẹ̀ dáko, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kó bímọ síbẹ̀, kó kú síbẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ẹni tó fi ilẹ̀ dógò lè wá rà á padà lọ́jọ́ iwájú, bó ti wù kó pẹ́ tó. Wọ́n ya fífún-ni-lò sọ́tọ̀, wọ́n ya ìdógò sọ́tọ̀, wọ́n sì ya títà sọ́tọ̀. Ìgbà tí títà wọ́pọ̀, ohun tí ilé ẹjọ́ gbà pé àṣà ń béèrè ni pé kí owó pé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí a sì fa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ níṣojú wọn. Ojú ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe lónìí.

Pẹ̀lú òye yìí lọ́kàn wa, ẹ jẹ́ ká wo Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ọkọ̀ ogun òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Prometheus wà lórí omi. Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún un, àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún. Àwọn òyìnbó ti jẹ́ kó yé e tẹ́lẹ̀ pé bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí a na ìbọn sí kò ṣe àdéhùn. Òun kọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó láti ba àdéhùn jẹ́ láàárín ènìyàn méjì lásán.

Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni ẹsẹ kan nínú ìwé náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Ó sọ pé tí wọ́n bá ń fi ilẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní Èkó, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé náà ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ ìlú mìíràn kankan kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ rò ó wò. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé yẹn mọ̀ dáadáa pé ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ Èkó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá òǹtẹ̀ tí yóò pa ẹ̀tọ́ náà lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Èkó, ọba kọ́ ló ni ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, ni onílẹ̀. Ọba ní ìlú, àwọn Ìdẹ́jọ ní ilẹ̀. Ohun tí Dòsùnmú lè fi sílẹ̀, tó bá tilẹ̀ jẹ́ pé tinútinú ló fi fi í sílẹ̀, ni oyè àti àṣẹ rẹ̀. Kò lè fi ilẹ̀ Ìdẹ́jọ sílẹ̀, nítorí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí odò Ọya, iṣẹ́ náà tún wá yára kánkán. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tí George Goldie ń darí, tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ ọba ní 1886, tó wá ń jẹ́ Royal Niger Company, gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àwọn ọba àti olóyè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún. Wọn kò jókòó kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ ìlú, orúkọ olóyè àti ọjọ́. Olóyè tí kò mọ̀wé yóò fa ìlà méjì kọjá ara wọn, ògbufọ̀ yóò sì sọ pé òun ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Lédè wo ni ó fi túmọ̀ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ló lò? Ṣé ó ní kí olóyè náà *ta* ilẹ̀ ni, àbí kó *fún* àlejò *láyè*? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni gbogbo ìtàn yìí.

Fọ́ọ̀mù náà sọ pé àwọn olóyè fi gbogbo ilẹ̀ ìkáwọ́ wọn lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù kan náà: ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé tí òun bá nílò ilẹ̀ kankan, òun yóò san owó tó bójú mu fún ọmọ ìlú tó ni ín. Ẹni tó bá ti ra gbogbo ilẹ̀ kì í tún ṣèlérí láti san owó fún onílẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn ra ilẹ̀ náà ni ẹ̀rí tó dájú jù pé wọn kò rà á. Ohun tí wọ́n gbà, tí wọ́n bá gbà á ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, ni àṣẹ láti ṣèjọba àti láti ṣòwò. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó yé yékéyéké bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe lè yí padà mọ́ni lọ́wọ́ bí Ọba Jájá ti Òpóbò. Ọ̀dọ̀ aṣojú Ọbabìnrin ni ìwé tirẹ̀ ti wá ní 1884, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Goldie. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú rẹ̀, ó bèèrè kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí "ààbò" túmọ̀ sí kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n dá a lóhùn pé Ọbabìnrin kò fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tàn án wọ inú ọkọ̀ ogun, wọ́n gbé e kúrò ní ìlú rẹ̀. Tenerife ló kú sí ní 1891, kò fojú rí Òpóbò mọ́. Ọkùnrin tó bi ìbéèrè tí gbogbo olùrà àti olùtà yẹ kó bi nìyẹn.

Ta wá ni wọ́n ń fi àwọn ìwé náà hàn? Kì í ṣe àwọn onílẹ̀. Àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì ni. Lẹ́yìn ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885, ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ láàárín àwọn òyìnbó ló lè sọ pé òun ló kọ́kọ́ dé. Ní Nikki, ní ilẹ̀ Borgu, Lugard gba ìwé àdéhùn fún Royal Niger Company ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1894. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀gágun Faransé kan tó ń jẹ́ Decoeur dé, òun náà sì gba tirẹ̀ ní ìlú kan náà. Ìlú kan, olùrà méjì, ìwé méjì, láàárín oṣù kan ṣoṣo! Ní 1898, àwọn òyìnbó jókòó pín Borgu láàárín ara wọn, Nikki sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Nikki, àǹtí mi àti búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ni mo máa ń rántí.

Àwọn tó ni ilẹ̀ àti omi náà kò dákẹ́. Àwọn ará Nembe, tí ilé-iṣẹ́ náà fi owó orí àti ìwé àṣẹ ìṣòwò lé kúrò ní ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ayé bàbá wọn, kọ lu ibùdó rẹ̀ ní Akassa ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895, Ọba Koko sì ni aṣáájú wọn. Ní ti Sókótó, ilé-iṣẹ́ náà rán Joseph Thomson lọ gba ìwé àdéhùn níbẹ̀ ní 1885. Síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1903, ìbọn ni Lugard fi wọ Sókótó. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń gbé ìbọn lọ gba ohun tó ti rà, tó ti sanwó rẹ̀, tí olùtà sì ti fi tọkàntọkàn fà lé e lọ́wọ́?

Ó kàn 865,000 pọ́ùn. Ní 1899, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti gba ìwé àṣẹ ọba padà lọ́wọ́ Royal Niger Company. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san 865,000 pọ́ùn fún ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, Lugard ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja. Ìjọba ló sanwó, oníṣòwò ló gbowó, òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Èkó kò sí nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbà á láti 1861. Òpóbò, Calabar àti Benin kò sí nínú rẹ̀, nítorí abẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni wọ́n wà. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. 1914 ni wọ́n tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ta Nàìjíríà ní 865,000 pọ́ùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì mí kanlẹ̀, nítorí nǹkan kan wà tí wọ́n tà lóòótọ́. Lára àdéhùn náà ni pé ìdajì owó tí ìjọba bá ń gbà lórí ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n bá wà ní apá ibi tó gbòòrò kan ní àríwá yóò máa jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn awakùsà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wa tin ní agbègbè Jọs, owó ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún oníṣòwò tí kò gbin nǹkankan síbẹ̀. Nígbà tí Lever Brothers sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1920, ẹ̀tọ́ yìí tẹ̀lé e lọ bí ẹni pé àga àti tábìlì ọ́fíìsì ni. Èyí gan-an ni ọjà olè tí mo sọ. Àwọn ará orí òkè Jọs kò tà á fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó ti ti ọwọ́ mẹ́ta kọjá. Ẹni tó gbé epo lájà wà níbẹ̀, ẹni tó gbà á sílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó tún rà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 yẹn kan náà ni ọjọ́ tí wọ́n fi pààlà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà: àwọn òfin gbogboogbò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n kó wá bá wa. Òfin ọjà títà ti 1893 wà lára wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fi gba ohun tí olùtà kò ní náà ni ọjọ́ tí wọ́n fi sàmì sí òfin tó sọ pé ẹnìkan kò lè ta ohun tí kò ní.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lo òfin wọn láti fi mú wọn? Ẹnìkan lò ó. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún lílò ara rẹ̀, lábẹ́ òfin tó sọ pé kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún onílẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tó jẹ oyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún òun àti àwọn ènìyàn òun. Àwọn ilé ẹjọ́ nílé sọ pé kì í ṣe owó ilẹ̀ gan-an ló tọ́ sí i, pé owó ẹ̀tọ́ olóyè lásán, irú èyí tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ilẹ̀, ló tọ́ sí i. Kò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ dání. Ìgbìmọ̀ Privy Council gbọ́ ẹjọ́ náà, Viscount Haldane sì ka ìdájọ́ wọn ní oṣù keje ọdún 1921.

Ìdájọ́ náà sọ pé bí ìjọba bá ti ọwọ́ ọba kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, a kò gbọdọ̀ rò pé ohun ìní àwọn ènìyàn bá a lọ. Ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ìdájọ́ náà sì gbà pé lọ́dọ̀ wa, ìdílé, abúlé tàbí ìlú ló ń ni ilẹ̀, olóyè sì ń dì í mú fún wọn ni. Nítorí náà, owó ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san. 22,500 pọ́ùn ni wọ́n san fún un níkẹyìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Èkó gba ọgọ́ta ọdún.

Ẹ kíyè sí i pé Olóyè Olúwa kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ sọ pé àpò owó ẹyọ 1,200 tí wọ́n fún Dòsùnmú kéré. Ká ní ohun tó sọ nìyẹn ni, wọn ì bá fún un ní àpò díẹ̀ sí i kí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ohun tó sọ ni pé Dòsùnmú kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ní ó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́gun. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa sunkún lórí 865,000 pọ́ùn. Ẹkún lórí iye owó kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí ní kóòtù.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi ìka na òyìnbó tán, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Láti 1910 ni ìjọba amúnisìn ti ṣòfin tó fi ilẹ̀ àríwá sábẹ́ àkóso gómìnà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun tiwa na irú òfin bẹ́ẹ̀ dé gbogbo Nàìjíríà. Òfin Lílo Ilẹ̀ náà sọ pé gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ mú fún gbogbo ènìyàn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà. Síbẹ̀, lójoojúmọ́, ọwọ́ ìdílé ni a ṣì ń ti ra ilẹ̀, kí a tó wá lọ tò sí ọ́fíìsì ìjọba fún àṣẹ. Ohun tí Haldane sọ pé ó jẹ́ ti ìdílé, òfin tiwa fi sábẹ́ gómìnà láìsan kọ́bọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé ta ló ni ilẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí, mo ní láti mí kanlẹ̀ kí n tó dáhùn.

Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe láti dáàbò bo olùrà àti onílẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìfi ti àwọn àgbà ìdílé ṣe, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló mú àǹtí mi. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ní 1976, lórí ilẹ̀ kan ní Warri, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìdílé láti ẹnu àwọn àgbà, ìwé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́, gbígbé lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà, ní ọ̀nà tó fi jẹ́ pé ó dájú pé ẹni kan náà ló ni méjèèjì. Ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Ìwé náà kò sì lè ní agbára ju ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ mi kò ju ìwọ̀nba lọ, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn yóò ra ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ kí wọ́n tó lo ìmọ̀ ìtàn fún ohun mìíràn. Bèèrè ẹni tó ni ín kó o tó bèèrè iye tó jẹ́. Bèèrè ẹni tó rán an, kó o sì rí ẹni náà lójúkojú. Jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí olùtà gbọ́. Mọ ọjọ́ tí nǹkan náà di tìrẹ, nítorí ọjọ́ náà ni òfò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ tìrẹ. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé pé òun fi epo, kùsà tàbí ilẹ̀ wa lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kí a má ṣe kọ́kọ́ bi í pé èló. Kí a bi í léèrè pé ta ló rán an.

Àǹtí mi ti ra ilẹ̀ mìíràn láti ìgbà náà. Mo bá a lọ lọ́jọ́ tí ó lọ wò ó. Ọkùnrin tó mú wa lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye owó kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àǹtí mi na ọwọ́ sókè sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ kí olórí ẹbí yín." Báàgì rẹ̀ wà ní apá rẹ̀. Rìsíìtì àtijọ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀.